Suzuki A100 tí bàbá mi fi owó Údójì rà: èéfín funfun, ariwo tí kò rọlẹ̀

Ọmọ Tíṣà (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀gá mi gbogbo, mo kí yín. Alùpùpù Suzuki A100 kan wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èyí tí bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rà lọ́dún 1975 nígbà tí ìjọba san owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n gùn ún títí di ọdún 1993, láti ìgbà náà ni ó sì ti wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ilé, tí àwọn adìyẹ sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Lẹ́yìn tí a ṣe ìrántí bàbá tán lóṣù tó kọjá ni mo gbé e wá sí Ìbàdàn.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gan. Mo fọ kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo po ọ́ìlì mọ́ epo tuntun, ó sì jí ní kíìkì kẹrin. Ṣùgbọ́n èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá, ẹ́ńjìnnì náà kò sì gbà láti dúró jẹ́ẹ́. Ńṣe ni ó ń ké sókè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fún un ní iná, títí mo fi ki í sí jíà tí mo sì tẹ bíréèkì kí ó tó kú. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n ra písítínì àti ríìngì tuntun, kí n sì yọ páńpù ọ́ìlì dànù. Ó tilẹ̀ ní bí owó bá wà, kí n gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà sí i, kí n sinmi. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Mo sì fẹ́ kí iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí ó ti wà lọ, nítorí pé fóòtì 6 péré ni iná rẹ̀.

Àgbà Ẹlẹ́rọ (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, ẹ má sì tíì ra písítínì. Ohun tí ẹ kọ ti jẹ́ kí a mọ àìsàn rẹ̀ kí a tó tú bóòtù kan.

Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke bí ti A100 yìí, epo àti afẹ́fẹ́ kì í gba òkè wọlé bí ó ti rí nínú àwọn ọ̀kadà òde òní. Abẹ́ písítínì, nínú ilé kíráńkì (ọ̀pá tí písítínì ń yí), ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀, kí písítínì tó tì wọ́n gòkè. Nítorí náà, ilé kíráńkì gbọ́dọ̀ dí pátápátá, àwọn rọ́bà méjì tí à ń pè ní síìlì, tí wọ́n wà ní ọ̀tún àti òsì kíráńkì, ni wọ́n sì ń dí i. Rọ́bà tó jókòó fún ọgbọ̀n ọdún láìrí ọ́ìlì yóò ti le bí pọ̀nmọ́ tí a kò rẹ. Síìlì tó wà níhà jíà ti jẹ́ kí ọ́ìlì jíà máa wọ inú ẹ́ńjìnnì, òun ni ẹ ń rí bí èéfín funfun. Èyí tó wà lẹ́yìn dáínámò sì ń fa afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kábúrétọ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń ké. Èkejì yìí ló léwu jù, nítorí pé inú epo tí ẹ pò ni ọ́ìlì tó ń tọ́jú písítínì wà báyìí: bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju epo lọ, ọ́ìlì náà dínkù, ooru pọ̀ sí i, písítínì á wú, á sì gan mọ́ sìlíńdà lójú ọ̀nà. Písítínì tuntun lórí síìlì àtijọ́, owó tí a sọ sódò ni.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ẹ yá irinṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó ní rọ́bà tí à ń fi ọwọ́ fún. Ẹ gé túùbù àtijọ́, kí ẹ fi dí ojú ihò sàléńsà àti ẹnu ọ̀nà kábúrétọ̀, kí písítínì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì gba ihò púlọ́ọ̀gì fún afẹ́fẹ́ wọlé títí yóò fi dé 300 lójú gééjì, èyí tó tó nǹkan bí 6 lórí gééjì fọ́kánásà. Ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ẹ̀yìn dáínámò àti ihò tí a ń gbà da ọ́ìlì jíà, ibi tó bá ń hó ni àìsàn wà. Ẹ má lo páńpù fọ́kánásà o, yóò ti síìlì jáde.

Adé ní Birmingham

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ni mo fara mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbí ni wọ́n fi A100 kọ́ alùpùpù gígùn láyé ọjọ́un, nítorí náà a ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí síìlì: ìwọ̀n fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti nínípọn wà lára rẹ̀, ẹni tó ń ta bẹ́ríìnì ní Agodi Gate lè wá irú rẹ̀ fún yín láìsí orúkọ Suzuki lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ písítínì yàtọ̀. Àwọn ọlọ́jà yóò fẹ́ ta ti AX100, Suzuki mìíràn, fún yín, nítorí pé mílímítà 50 ni fífẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ má gbà á. A100 ń lo àwo pẹlẹbẹ kan tó ń bá kíráńkì yí, tó ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń tì í, AX100 kò sì ní irú rẹ̀, nítorí náà gígùn àti ìsàlẹ̀ písítínì wọn kò ní láti bára mu. Bí sìlíńdà bá ti jẹ, ẹ ra písítínì tó tóbi sí i kí ẹ tó gbé sìlíńdà lọ gbẹ́, kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ lè wọn ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ sì sọ fún un kí ó fi fáìlì pa etí àwọn ihò inú sìlíńdà rẹ́ díẹ̀, nítorí pé ríìngì máa ń kọ́ mọ́ etí tó bá mú. Ọfà orí písítínì ń kọjú sí sàléńsà.

Atẹ́gùn (Ìkẹjà)

Ẹ má bínú sí mi. Bí a bá ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tán, kí ló dé tí a kò níí jẹ́ kí ó sáré? Mo fi sàléńsà mìíràn sí Yamaha RX100 mi, mo sì gbé kábúrétọ̀ ńlá sí i, ó sì ń fò bí àṣá. Ẹ gé etí àwo tí Adé sọ yẹn díẹ̀, kí epo lè pẹ́ wọlé.

Àgbà Ẹlẹ́rọ (Abẹ́òkúta)

Atẹ́gùn, àbúrò mi, o kò parọ́, àwo náà ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíréèkì ìgbà Údójì ló wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì alùpùpù yìí, àwo tí a bá sì ti gé kì í hù padà. Níbo ni a ó ti rí òmíràn?

Ọmọ Tíṣà, ìtúnṣe tí mo lè fọwọ́ sí ni ti iná. Ẹ fi rẹgulétọ̀ fóòtì 12 sí i pẹ̀lú bátìrì kékeré, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo gílóòbù àti fèrè sí ti 12. Kọ́ìlì iná tó wà níbẹ̀ lè gbé 12 jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ń yára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó fún gílóòbù ńlá, nítorí náà LED ni kí ẹ lò.

Ẹ má yọ páńpù ọ́ìlì. Tààrà sí bẹ́ríìnì kíráńkì ni Suzuki ṣe é kí ó máa gbé ọ́ìlì lọ, ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo nìkan kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀nà ọ́ìlì ló máa ń mú kí àwọn èèyàn sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ tú afẹ́fẹ́ náà jáde, kí ẹ sì po mílílítà 40 ọ́ìlì mọ́ lítà epo kọ̀ọ̀kan nínú táǹkì àkọ́kọ́, títí ẹ ó fi rí i pé kò sí ìhó kankan mọ́ nínú rọ́bà rẹ̀. Ọ́ìlì two-stroke tí a kọ JASO FC sí lára ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀.

Ọmọ Tíṣà (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo yá irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó dé 300, kí n tó ka ogún ó ti wà ní 90. Ọṣẹ hó lẹ́yìn dáínámò, ó sì hó ní ihò ọ́ìlì jíà. Mẹkáníìkì mi ti gbé òòlù láti gbá dáínámò náà yọ.

Àgbà Ẹlẹ́rọ (Abẹ́òkúta)

Ẹ gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń fa dáínámò wà, ẹ lè yá a. Òòlù yóò fọ́ mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, yóò sì wọ́ kíráńkì. Bí ẹ bá ṣí i tán, ẹ di apá písítínì mú, kí ẹ fà á sókè-sódò. Kí ó máa mì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá mì sókè-sódò rárá, ẹ padà wá síbí kí ẹ tó tì í pa.