"Stock" kì í ṣe "ojúlówó": lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ jíípù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ní Texas ra Jeep Wrangler àlòkù tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gbé ga, tó sì ti wọ táyà ràbàtà sí. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe rí nígbà tó jáde nílé-iṣẹ́, ó sì ń kọ àlàyé iṣẹ́ náà ní Yorùbá. Ó wá béèrè ohun tí a ó pe "stock" (bí ọkọ̀ ṣe rí nígbà tó jáde nílé-iṣẹ́) àti "suspension" (shọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti àwọn irin tó gbé ara ọkọ̀ lé táyà). Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ojúlówó" fún ti àkọ́kọ́ àti "ìdádúró" fún ìkejì. Ẹlòmíràn mú "àbínibí" wá.

Àbínibí kọ́. Ta ló bí Jeep?

"Ojúlówó" ló gba àròjinlẹ̀, torí ó ti wà lẹ́nu ọjà. Bí ẹ bá béèrè shọ́ọ̀kì ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ ojúlówó àti fékì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Òótọ́ ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, bóyá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí ló ṣe é lóòótọ́. "Stock" kò bá ìyẹn tan. Shọ́ọ̀kì tí wọ́n fi gbé Jeep yẹn ga lè jẹ́ ojúlówó pọ́ńbélé, kó tún wọ́n ju èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ, síbẹ̀ kì í ṣe stock. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ lè ra sípíríǹgì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó gùn bí ti àkọ́kọ́, tó le bí ti àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ sì dúró gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó dúró.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ìwọ̀n náà sì wà ní kíkọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó: ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ tó yẹ ká fẹ́ sí i. Fún Wrangler Rubicon ti ìran JK, tí wọ́n tà láti 2007 sí 2018, ohun tí ẹ ó rí ni 255/75R17. Fífẹ̀ táyà jẹ́ mìlímítà 255; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn; rímù jẹ́ íǹṣì 17. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, gíga táyà náà látòkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 32. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ Jeep àbúrò wa báyìí jẹ́ 35.

Àbá tèmi ni "àtilé-iṣẹ́wá". A ti ní àtọ̀runwá, a ní àtẹ̀yìnwá, a ní àtọ̀húnrìnwá. Ojú ọ̀nà kan náà ló tọ̀. Ó gùn, mo gbà, àmọ́ ó ṣeé fi sí ara ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá wọ táyà 35 sábà máa ń yí jíà abẹ́ ọkọ̀ padà, kí ẹ́ńjìnì má baà máa jìjàkadì. Yóò tún jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀ pé táyà ti tóbi sí i. Bí a bá dá táyà nìkan padà, tí a kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ yóò máa sá 60 máìlì ní wákàtí, aago iwájú yóò sì máa pè é ní 65. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ jẹ́ àtilé-iṣẹ́wá, jíà rẹ̀ kò tíì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùrà yẹ kó lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Ní ti "ìdádúró", ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jà ni wọ́n ń fún ní ìdádúró. Èyí tó tún burú jù ni pé bíréèkì ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ kọ ọ́ síbì kan pé "a ti yọ ìdádúró àtijọ́ kúrò", kí ẹ wo ẹni tí yóò gbà láti jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Àwọn mẹkáníìkì ti yanjú èyí tipẹ́: ẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ń dún." "Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló kù." Ẹnìkan lè sọ pé táyà náà la tún ń pè ní ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàtà ni táyà, a sì lè pààrọ̀ bàtà láì fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Shọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti búṣì máa jẹ́ orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wá ká tún wọn sọ lórúkọ.

"Iṣẹ́ ẹsẹ̀" tún bá Wrangler mu ju "pípààrọ̀ sípíríǹgì" lọ. Irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, níwájú àti lẹ́yìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn ló ń di irin gbọọrọ náà mú kó má yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ga, wọ́n sábà máa ń fi èyí tó gùn sí i rọ́pò irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Bí a bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tí a gbàgbé irin yẹn síbẹ̀, ẹsẹ̀ yóò tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí búṣì rẹ̀ bá sì ti jẹ, ìdarí lè gbọ̀n lójú títì títí ọwọ́ kò fi ní ká a.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. "Mo fẹ́ dá Jeep náà padà": ẹni tó tà á yóò rò pé owó lẹ ń béèrè. Ẹ sọ pé "dá ẹsẹ̀ àti táyà rẹ̀ padà sí ìwọ̀n àtilé-iṣẹ́wá", ó tán.

Ó ku táyà tí àbúrò wa fẹ́ rà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń ra Jeep tuntun, wọ́n á yọ táyà rẹ̀ kí wọ́n tó wà á jìnnà, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó. Àlòkù kò bá a mu, torí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó kù. Tòkunbọ̀ náà kọ́, kò ré òkun kankan kọjá. Mo pè é ní "àbọ́sílẹ̀". Ẹ ṣáà wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára DOT rẹ̀, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ tó sanwó: 2217 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2017, àbọ́sílẹ̀ tó sì ti pẹ́ nínú gáràjì lè máa dán kó ti gbó.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju àtilé-iṣẹ́wá lọ, kó mú un wá. Kó ṣáà ti ṣeé lò fún táyà lọ́tọ̀, fún jíà lọ́tọ̀.