Èsì: "Jẹjẹrẹ abẹ́ ọpọlọ" kọ́ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo rí ohun tí ọmọkùnrin wa tó wà ní Gwagwaládà kọ lánàá. Ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún ìjọ wọn, lórí ẹ̀fọ́rí tó máa ń ti ara kókó inú pituitary (ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ) wá, ó sì pè é ní "ẹ̀fọ́rí jẹjẹrẹ abẹ́ ọpọlọ". O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ báwo?

Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ibẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ni? "Jẹ" lẹ́ẹ̀mejì! Ohun tó ń jẹ ẹran ara, tó tún ń jẹ lọ. Èyí kì í jẹ nǹkan kan. Inú egungun tó rí bí gàárì ẹṣin, lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún, ni pituitary jókòó sí, kò sì ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí kókó bá hù níbẹ̀, títẹ̀ ló ń tẹ ohun tó bá wà nítòsí, ó sì lè da họ́mónù, èròjà tí pituitary ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, rú. Obìnrin míì lè máa sun wàrà láìlóyún. Ẹlòmíì, bàtà àti òrùka rẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Ẹlòmíì ò ní rí ohun tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ mọ́, àfi ọ̀kánkán. Ẹ wá sọ fún ìyá kan ní Nyanya pé jẹjẹrẹ wà lórí rẹ̀. Ilé wòlíì ló máa gbà lọ tààrà.

Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́rí wọ̀nyí, kò wọ́pọ̀ rárá, tí dókítà Sjaastad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nọ́wè ṣàpèjúwe ní 1989. SUNCT, ìkékúrú orúkọ gígùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń mú, bí ìgbà tí wọ́n fi irin gbígbóná gún ojú. Ìṣẹ́jú àáyá 1 títí dé 600, ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn á pọ́n, omi á máa dà níbẹ̀, á lọ, á tún dé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe ló ní kókó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni dókítà tó gbọ́n máa ń wò.

Ìyá ìyá mi ní Òmù-Àrán, tó bá ti so gèlè mọ́rí pinpin, tó di ojú kan mú, a ò gbọdọ̀ sọ pé orí ń fọ́ màmá. Á ní, "Èyí kọjá ẹ̀fọ́rí, túúlu ni." Mi ò sọ pé SUNCT ló ṣe wọ́n o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn àgbà ti pààlà sáàárín wọn kí a tó bí wa. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá. Àbá mi fún SUNCT: "túúlu ẹlẹ́kún".

Olùkọ́ Àgbà, Kúbwá

---

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́kún kọ́, sà. Ẹni tó ń sunkún ló lẹ́kún. Aláìsàn yìí ò sunkún, ojú ló ń da omi fúnra rẹ̀. "Tùúlu olómijé" ló yẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ nǹkan lórí fóònù láìfàmì sí i: wọ́n á ka ẹkún sí ẹkùn, tùúlu á di ti ẹranko.

Títẹ̀ tí ẹ sọ náà kò tó láti ṣàlàyé ẹ̀fọ́rí náà. Kókó kékeré lè fọ́ èèyàn lórí ju ńlá lọ. Oògùn tó sì ń mú kókó irú èyí tó ń fa wàrà súnkì, bromocriptine àti cabergoline, a máa mú ẹ̀fọ́rí yẹn le sí i lára àwọn míì.

---

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti yọ jẹjẹrẹ, mo fi kókó sí i. Díákónì wa sì kà á sókè níwájú ìjọ pé kókò hù sí orí èèyàn! Ó bi mí bóyá ti ọbẹ̀ ni. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé, "ciwon daji" ni wọ́n ń pe jẹjẹrẹ, àìsàn igbó. Ta ló bi wọ́n pé igbó wo? Àwa nìkan ni a máa ń le koko báyìí.

Gwagwaládà

---

Má fi Haúsá dá mi lẹ́jọ́. Àmì ohùn ni kí o lọ fi sí ìwé rẹ.

Nọ́ọ̀sì, mo gba olómijé, bí ò tilẹ̀ tíì mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ ṣe kọ "tùúlu", ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé Ọ̀fà. Àdúgbò wo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀?