Mo fẹ́ wo àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, owó ọwọ́ mi ò pọ̀

Ọmọ Òkè-Àró:
Ẹ kú ilé o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n dé Òṣogbo, kì í ṣe tìtorí ọdún Ọ̀ṣun o. Àdúgbò tí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ gbé ṣeré, tí wọ́n gbé yàwòrán, ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. ₦15,000 ni gbogbo owó mi: ọkọ̀ àlọ, ọkọ̀ àbọ̀, oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní igbó Ọ̀ṣun nìkan á gbé e mì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè lọ kí n bọ̀ lọ́jọ́ kan?

Ìjẹ̀ṣà Lóde Àkúrẹ́:
Àbúrò, o lè lọ o lè bọ̀, bí o bá jí lọ sí gáréèjì. Má dúró de ọkọ̀ tó ń pe Òṣogbo tààrà, kì í tètè kún. Wọ ti Iléṣà, kí o wọ òmíràn níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ₦3,000 ni mo wọ̀ ọ́ dé Iléṣà, mo fi ₦1,500 dé Òṣogbo.

Ìyá Aláró:
Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba níbí, Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́ aró. Kámẹ́rà ló ń gbowó lọ́wọ́ àlejò nínú igbó yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan kọ́rùn lọ, ẹnu rẹ̀ gùn bí odó. Owó tí wọ́n gbà lórí ẹ̀, àwa méjèèjì ì bá fi jẹ iyán yó. Ojú tí Ọlọ́run fún ọ tó o.

Ṣùgbọ́n ohun tí o béèrè, àárín ìlú ló wà. Lọ sí ọ̀nà Sitéṣọ̀n. Dúró Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Popular Bar, òun àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì, ló sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀ lọ́dún 1962. Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n fi ṣe tiwọn: m̀ bá rí i, m̀ bá yọ̀! Má retí ilé aláràbarà o, òpópónà ọlọ́jà lo máa bá. Rìn ín pẹ̀lẹ́, kí o máa ro irú èèyàn tó kóra jọ síbẹ̀. Jimoh Buraimoh, iná ìtàgé ló ń tàn fún Dúró. Twins Seven-Seven ń jó kiri fún ọlọ́jà òògùn ni, ijó yẹn ló jó wọ Mbárí lọ́dún 1964. Ọdún yẹn kan náà ni Georgina, ìyàwó Ulli Beier, kó ọ̀dà fún àwọn ọmọ yìí. Ta ló ní ìwé ẹ̀rí nínú wọn?

Láti ibẹ̀, bọ́ sí ọ̀nà Ìbòkun, ilé Àdùnní Olórìṣà. Òyìnbó oníṣẹ́ ọnà láti Austria ni, Susanne Wenger, wọ́n bí i lọ́dún 1915. Ó dé ilẹ̀ wa lọ́dún 1950, Òṣogbo ló kú sí lọ́dún 2009. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé náà, ère kún ibẹ̀. Ilé onílé ni o, má kàn fa fóònù yọ. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀. Bí o bá jẹ́ obìnrin, kúnlẹ̀ (orúkọ tí o fi ń kọ̀wé ò jẹ́ kí n mọ̀). Sọ pé Àkúrẹ́ lo ti wá. Ìkíni yẹn ti ṣílẹ̀kùn fún mi níbi tí wọ́n ti dá àwọn olówó padà.

Oúnjẹ? Jẹun nílé kí o tó kúrò. Má sì lọ ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá kù dẹ̀dẹ̀. Mo ti sun orí àga rí nítorí owó òtẹ́ẹ̀lì.

Bàbá Oníyàrá:
Ìyá wa, ẹ má bínú, igbó ni kó kọ́kọ́ lọ. Títí ẹ ó fi parí ìkíni yẹn, oòrùn á ti mú. Láàárọ̀, àwọn ọ̀bọ ṣì wà nítòsí, ilẹ̀ tutù. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ yẹn lè ṣe, kó lọ wo sìmẹ́ǹtì tí Adébísí Àkànjí fọwọ́ mọ. Bíríkìlà ni bàbá yẹn o!

Ìyá Aláró:
Bíríkìlà yẹn, mo gbà fún yín. Kó wo igbó láàárọ̀, kó fi ìyókù ọjọ́ rìn nígboro. Ọ̀kadà ni kó má gùn láàárín ìlú, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

Ọmọ Òkè-Àró:
Màámi, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ ṣeun. Mo ṣírò ó: ọkọ̀ ₦9,000, ó ku ₦6,000 fún géètì àti àmàlà. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ. Ọkùnrin ni mí o, màámi, mo máa dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Aláró:
Kí o tó lọ, yà sọ́dọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba, béèrè ìyá aláró. Mo fẹ́ rán ọ ní èlú. Owó ọkọ̀ àbọ̀ wà lọ́wọ́ mi.