Òjò ti dé l'Ábẹ́òkúta: ṣé mo lè sá àdìrẹ ẹlẹ́kọ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé?

Ìyá Ẹlẹ́kọ:

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ẹ sì kú ewu ìjì àná. Òjò àkọ́rọ̀ tí a ti ń retí ló gbé páànù ilé ẹlẹ́ran kan dé ojú títì. Lónìí ọjọ́ Ajé ẹ̀wẹ̀, oòrùn ti ń ta láti aago mẹ́jọ àárọ̀, àfi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi. Ẹlẹ́kọ gidi ni wọ́n ní kí n ṣe, wọn ò fẹ́ kampálà. Ẹni tó bá ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya aṣọ rí á mọ ohun tó ń kọ mí lóminú. Ẹ̀kọ láfún tí a fi ya aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin kí aṣọ tó wọ ìkòkò aró. Bí òjò bá kán sí i nígbà tó ṣì tutù, ẹ̀kọ á yọ́, aró á sì wọ ibi tó yẹ kó funfun. Kò sí àtúnṣe.

Áàpù ojú ọjọ́ tó wà lórí fóònù mi ní òjò ń bọ̀ lójoojúmọ́ títí di Ẹtì: 60%, 55%, 60%, 60%. Ọmọ mi ní kí n dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹmọ ní òjò ò ní rọ̀ mọ́ àfi bí oṣù tuntun bá lé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni oníbàárà ń bọ̀ wá kó aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tilẹ̀ sọ pé kí n lọ bá àwọn tó ń so òjò. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan ládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá, abẹ́ òjò ni wọ́n ti jó níbi àríyá náà.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ̀yin ń bẹ Ọlọ́run fún gan-an ni èmi ń bẹ̀rù. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí àgbàdo tó ti hù gbẹ sórí ebè. Àwọn kan ti gbin tiwọn láàárọ̀ yìí. Èmi ò tíì gbìn. Mo fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò, omi àná ò wọlẹ̀ tó ìka mẹ́rin.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bi àgbẹ̀, ẹ lè rí ọjọ́ mélòó kan tí kò ní sí òjò. Àmọ́ ẹ má fi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ Alábàtà:

Ẹ kú ọjọ́, mà. Mo kọ́ nípa ojú ọjọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà níbí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé pé 60 yẹn ń sọ bí òjò ṣe máa pọ̀ tó. Kò sọ ọ́. Ohun tó ń wí ni pé bí irú ọjọ́ báyìí bá pé 10, òjò á rọ̀ nínú nǹkan bíi 6. Kò sì sọ wákàtí tó máa rọ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí gan-an ni ẹ nílò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń ṣírò rẹ̀ ń wo ilẹ̀ ní ìpín ńláńlá. Òjò tó ń ti inú ooru yọ nílẹ̀ wa níbí kéré sí irú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè rọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ kí Ìtókù má rí ẹ̀kán kan.

Ní àsìkò yìí, atẹ́gùn tútù láti orí òkun, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ti ń ti atẹ́gùn gbígbẹ ti aṣálẹ̀ padà sí òkè Ọya. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń lẹ̀ wá lóru báyìí. Omi ti wà nínú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ló máa ń gbé e sókè di ìkúukùu. Nítorí náà, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán wọnú òru ni òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sábà máa ń bọ́ sí. Àárọ̀ ni tiyín.

Ìjì bíi tàná máa ń tò gẹ́gẹ́ bí ìlà gígùn, láti ìlà oòrùn ló sì ti ń wá, láti ọ̀nà Ìbàdàn síbí. Atẹ́gùn òkè réré ló ń darí rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ aṣọ lára okùn. Ó lè máa sáré tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti dé Ìbàdàn, ẹ lè ní bíi wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀. Àmọ́ bí atẹ́gùn gbígbóná bá dákẹ́ lójijì, tí èyí tó tutù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìlà oòrùn, ẹ má dúró wo ojú ọ̀run mọ́. Ẹ kó aṣọ wọlé.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 jáde, wọ́n sì máa ń ya òwúrọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Apá òwúrọ̀ ni kí ẹ máa kà. Ti ọjọ́ Ẹtì tí fóònù yín ti ń sọ láti òní, mi ò ní gbé e karí.

Ní ti oṣù tuntun, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n òṣùpá ò mọ̀ sí i.

Ìdí Aró:

Ọmọ mi, ẹ̀kọ nìkan ló nílò oòrùn. Aró ò nílò rẹ̀. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì tó fún ìyẹn. Gbogbo ẹ̀kọ ni kí o yà tán lọ́la àti lọ́túùnla, láàárọ̀ kùtù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí o sì yà á. Tó bá di aago méjì, kó wọlé, kódà bí oòrùn ń ràn. Lẹ́yìn náà kí òjò máa rọ̀ bó bá wù ú, ìwọ á máa rẹ ẹ́ lábẹ́ òrùlé. Sọ fún alálù aṣọ láti ìsinsìnyí, nítorí ọwọ́ wọn ti dí.

Tunde_Àdígbẹ:

Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ 😂

Ìyá Ẹlẹ́kọ:

Tunde, ṣé ìwọ lo máa san owó iná?

Màmá Ìdí Aró, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fẹ́ máa yà kí n máa rẹ lọ́jọ́ kan náà, ni mo ṣe ń wá oòrùn gbogbo ọjọ́. Ọmọ Alábàtà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìjì ti dé Ìbàdàn?

Oníbúrẹ́dì Ọmí-Àdìó:

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bó bá ṣú níbí, màá kọ ọ́ síbí kí n tó kó búrẹ́dì wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́kọ:

Ọlọ́run á bù kún ọjà yín. Aago mẹ́fà ìdájí ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kútọ̀, èló ni tapólì tó nípọn báyìí?

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá:

Ẹ má ra aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn o, ìjì kan ló máa fà á ya. Mo ní ńlá kan tí mo fi ń bo àgbàdo nígbà ìkórè, kò sì sí àgbàdo nínú ilé báyìí. Ẹ rán ọmọ wá gbà á.