Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ańpílífáyà gìtá àtijọ́: mo ti rà á

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bèèrè bóyá kí n ra ańpílífáyà gìtá tòkunbọ̀ kan tí mo rí ní Tákìé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, èyí tó ń lo transistor, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ohùn di ńlá, tí kì í ṣe onígílóòbù ayé ijọ́sí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ní kí n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí n tó tan iná sí i ló kó mi yọ. 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀! Iná tiwa sì rèé, 230V ni. Ká ní mo ti wáyà rẹ̀ bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jó. Mo ra tiransifọ́mà tó ń dín iná kù sí i.

Bọ́tìnnì fólúùmù ń pariwo gbàràgbàrà; oníṣẹ́ rédíò fín oògùn tó ń fọ ìdọ̀tí sí i, ó yí i lọ yí i bọ̀, ariwo pa rẹ́. Àmọ́ ańpílífáyà náà kò yéé kùn hùnùnùn bí oyin, àfi ìgbà tí oníṣẹ́ náà pààrọ̀ kapásítọ̀ ńlá méjì, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná kó lè máa lọ déédéé. Orí ọ̀kan ti wú bí àkàrà.

Lánàá, mo gbé e lọ síbi ìdánrawò kọ́áyà wa. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, bí ẹ bá sì ti tàn án, kò ní ká dúró kó gbóná. Inú mi dùn púpọ̀. Ó parí.