Mo ti ra scope náà o, awò orí ìbọn tí mo ń wá, ọ̀rọ̀ parí

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Ẹ rántí pé mo bèèrè èwo ni kí n fi sórí ìbọn ọdẹ mi láìná owó rẹpẹtẹ, 3-9x40 àbí 4-16x50 (nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni iye ìlọ́po tó ń sọ nǹkan di ńlá, láti kékeré dé ńlá; èyí tó kẹ́yìn ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ẹ̀ ní mìlímítà). 3-9x40 ni mo padà mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn mí jẹ, ẹ kú làákàyè, torí scope olówó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ bá sún dé 16, bàìbàì lẹ máa ń rí. Lírọ̀lẹ́ mo fi tèmi sí 4, mo ń rí ìdí igi kedere, mo yí i sí 9 báyìí, ojú ẹ̀ ṣú. Ìṣirò ẹ̀ ò le ṣá: 40 tá a bá fi 4 pín in, mìlímítà 10 ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú scope wá sójú, tá a bá fi 9 pín in ò ju bíi 4.4 lọ. Owó tó ṣẹ́ kù, ring tó nípọn, ìyẹn òrùka irin tó ń di scope mọ́ ìbọn, ni mo fi rà, ẹ má fi ring ṣeré rárá, tíyẹn bá ń mì kò sí scope tó fẹ́ gbà yín. Mo yí click scope náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tún ojú ìbọn ṣe, sókè, mo yí i padà síbi tó wà, ọta ṣì ń bà síbi tó ń bà tẹ́lẹ̀. Ó ti tán nìyẹn, mi ò wá òmíì mọ́.