Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí a ṣe lè fi máíkírósíkópù kọ̀nfókà wo inú awọ asẹ́ omi

Asẹ́mi, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí dá lórí awọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi kànga. Oríṣi méjì ni mo ní, cellulose acetate (oríṣi ike kan) ni a sì fi ṣe méjèèjì: máíkírọ́nù 5 (máíkírọ́nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ni wọ́n kọ sára páálí ọ̀kan, 0.45 sára èkejì. Wọ́n yọ̀ǹda kọ̀nfókà, ìyẹn máíkírósíkópù tó ń fi lésà ya àwòrán inú nǹkan ní ìpele-ìpele, fún mi fún ọjọ́ méjì péré, mo sì fẹ́ rí bí àwọn ihò náà ṣe já síra wọn nínú awọ, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Nígbà tí mo dán an wò, gbogbo rẹ̀ funfun báláú, n kò sì rí nǹkan kan kọjá ojú òkè. Kí ni kí n ṣe?

Aláró, Kétu:
Ẹ̀rọ kọ́ ló ní àbùkù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń ti ara awọ bọ́ sínú afẹ́fẹ́, tó tún ń padà wọ inú awọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ̀, tí yóò sì máa fọ́n káàkiri. Ẹ rántí bébà tí a fi wé àkàrà, bí òróró ṣe ń sọ ọ́ di ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá: òróró ti gba ipò afẹ́fẹ́ ni. Ìwọ̀n bí cellulose acetate ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí 1.48, ti gilisẹríìnì jẹ́ 1.47, ṣùgbọ́n ti omi kò ju 1.33 lọ; ìdí nìyí tí omi lásán kò fi ní tó. Ẹ po fluorescein díẹ̀, aró kan tó máa ń tàn bí lésà bá kàn án, mọ́ gilisẹríìnì, kí ẹ tẹ́ awọ náà lé e lórí, kí ó lè máa fà á láti ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè jáde lókè. Lésà 488 nánómítà ni kí ẹ lò. Ihò ni yóò máa tàn, ara awọ yóò sì ṣókùnkùn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá aró náà ń lẹ̀ mọ́ ara awọ, nítorí bó bá lẹ̀, irọ́ ni àwòrán yóò máa pa fún yín.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ fi kún un pé lẹ́ńsì tí a ń kán gilisẹríìnì tàbí òróró sí ni kí ẹ lò.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti 0.45. Kọ̀nfókà kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 200 nánómítà (máíkírọ́nù 0.2), ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀kan bá wà lókè èkejì. Nọ́ńbà ara páálí pàápàá, ohun tí asẹ́ náà lè dá dúró ló ń sọ, kì í ṣe fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ihò kan lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀nyẹn ni ẹ ó rí. Fún èyí tó kù, máíkírósíkópù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó ní láti gbẹ awọ náà, kí ẹ sì fi wúrà bò ó, gbígbẹ sì lè mú kí ó sún kì.

Asẹ́mi, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ti 5 nìkan ni n ó wò, pẹ̀lú ègé kan tí n kò fi aró sí, kí n lè mọ èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀.